Ìgò Tó Kún Kó Tó Dé Odò

Èèrà ti bo ìgò mínírà náà láti ìdérí dé ìdí. Sájẹ́ǹtì Ọlámijù ló kọ́kọ́ rí wọn nígbà tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ẹ̀rí sí ní àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ní Ìkirè. Ó pòṣé, ó fa àkísà yọ.

“Màdáámù, ẹ wá wo nǹkan o. Èèrà ti fẹ́ jẹ ẹ̀rí wa tán.”

“Má nù ún!”

Ìnsípẹ́kítọ̀ Edith Adépọ̀jù ti dìde nídìí tábìlì rẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, eékún rẹ̀ kì í sì í gbà fún un kó bẹ̀rẹ̀ láì kérora. Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó wọ dígí rẹ̀, ó tẹjú mọ́ àwọn èèrà náà títí Ọlámijù fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tí oòrùn pa lórí.

“Kí la sọ pé ó wà nínú mínírà yìí?”

“Májèlé, Màdáámù. Òun ni Ṣàmsúdéènì fi pa ọmọ ọlọ́mọ.”

“Wá òkú èèrà kan jáde fún mi níbẹ̀.”

Ọlámijù wá a, kò rí. Àwọn èèrà ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ara wọn jí pépé, ìlà wọn gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù wọ inú ihò ara ògiri. Àwọn tó mu ún lánàá ti lọ pe ẹbí wọn wá.

“Ó lè jẹ́ pé májèlé ènìyàn kì í ran èèrà,” ni Ọlámijù wí.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Edith fọwọ́ ti ògiri, ó dìde. “Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí kò ṣẹ̀ la tì mọ́lé láti ọjọ́ yìí.”

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn pé ojú òun ṣì ń ríran. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni DPO pè é lórí fóònù pé kó gbé Ṣàmsúdéènì lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́la, kí ìlú lè sinmi ariwo. Ìlú tí ara rẹ̀ ti gbóná kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èèrà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó kú náà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Àpòmù. Qaosarat lorúkọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Sàlámọ̀tù, opó tó ń ta dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì, bí. Yunifásítì kan lókè òkun ló ń lọ, ṣùgbọ́n kò kúrò nílé ìyá rẹ̀. Orí fóònù ló ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkun àti àyíká. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá dára, á gun òkè lẹ́yìn ilé lọ jókòó sórí òkúta, á fi agbádá dòdò ìyá rẹ̀ tó ti jó bo fóònù lórí nítorí oòrùn. Ibi tó jìnnà jù tó dé rí ni Ìbàdàn. Kò fojú kan òkun rí láyé, síbẹ̀ ó lè sọ fún ọ ìdí tí òkun fi ń kún àti ìdí tó fi ń fà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pè é ní Ìyálóde Òkun.

Odò Aṣípa tó wà lẹ́yìn ìlú ló fi ṣe òkun. Níbi tó ti ń yẹ omi rẹ̀ wò fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ti rí i pé ìdọ̀tí láti inú adágún ẹja Ṣàmsúdéènì ń ṣàn wọnú odò. Ó sọ fún un lójú ayé. Ṣàmsúdéènì náà bínú, ó búra lójú ayé pé ọmọ tó bá ń yọjú sí iṣẹ́ òun yóò rí ohun tójú ń wá. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, àwọn ènìyàn rí i tó fún Qaosarat ní mínírà tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí. Kí wọ́n tó kírun Àìlà, wọ́n bá òkú ọmọ náà lójú ọ̀nà odò, ìfófòó lẹ́nu rẹ̀, mínírà náà tó ti dànù dé ìdajì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà tó wò ó ní májèlé ni. Kó tó sọ nǹkan mìíràn, ẹbí ti gba òkú wọn, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti sin ín lójú alẹ́ ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ta ló fẹ́ lọ hú u?

Ṣàmsúdéènì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àhámọ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù gátagàta. Nígbà tó rí Edith, kò dìde.

“Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bá mi fún àwọn ẹja mi lóúnjẹ?”

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú un làwọn ọ̀dọ́ Àpòmù ti da oògùn kòkó sínú gbogbo adágún rẹ̀. Ẹja àrọ̀ tó tó fi ra ilé léfòó, wọ́n rà, àwọn ajá sì jẹ níbẹ̀, àwọn ajá náà kú. Kò tíì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un.

“Lọ́jọ́ náà, kí ni Qaosarat wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ?”

“Mo ti sọ ọ́ fún yín.”

“Tún un sọ.”

“Mo rò pé ìjà ló tún bá wá. Kí n tó la ẹnu, ó ní ṣé mọ́tò mi wà nílẹ̀, òun fẹ́ dé Ìkirè. Mo ní ó ti lọ sí Orílẹ̀-Òwu. Ojú rẹ̀ ti ràn, Màdáámù, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo ní, ‘Ọmọ yìí, kí ló ṣe ọ́?’ Ó ní kò sí nǹkan. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo mú mínírà fún un.”

“Ìwọ lo ṣí i?”

“Èmi ni mo ṣí i! Ṣé ẹ máa fún àlejò ní mínírà kẹ́ ẹ ní kó fi eyín ara rẹ̀ ṣí i ni?”

“Ó mu ún lójú rẹ?”

Ṣàmsúdéènì ronú. “Rárá. Ó ní ẹ ṣé, ó mú un dání, ó ń lọ. Mo ní ó ṣì ń bínú sí mi ni.”

“Ọwọ́ kejì ńkọ́?”

“Báàgì rẹ̀ ló fi gbá mọ́ àyà, bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.”

“Kí ló dé tó fi ní láti gbá a mọ́ àyà?”

“Ó wúwo. Ó ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń rìn.”

Edith dúró. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó dá a lójú pé báàgì náà wúwo. Ọkùnrin náà ní ohun tójú òun rí lòun ń sọ, bí wọ́n bá fẹ́ pa òun kí wọ́n kúkú pa òun. Lẹ́yìn náà ló tún béèrè nípa àwọn ẹja rẹ̀. Edith ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láì bojú wẹ̀yìn, ojú ń tì í.

Ó da ohun tó wà nínú báàgì ọmọ náà sórí tábìlì. Fóònù kan tí kò ní iná mọ́. Gèlè kékeré. Ìgò ike kéékèèké mẹ́rin tí ìdérí wọn jẹ́ àwọ̀ ewé, omi kún inú wọn, ó mọ́ gaara, bébà tí ọ̀rọ̀ kéékèèké wà lára rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn, kò sẹ́ni tó dúró kà á. Ẹnikẹ́ni kò ka àwọn ìgò náà sí. Ọmọ tó ń pọn omi odò fún ẹ̀kọ́ ni, omi odò ló sì wà nínú báàgì rẹ̀. Kí ló kù tí ènìyàn fẹ́ béèrè?

“Ọlámijù, ẹni tó ń lọ sódò, báwo ni korobá rẹ̀ ṣe ń rí?”

“Ó máa ń ṣófo, Màdáámù.”

“Bó bá ń bọ̀?”

“Á kún.”

“Qaosarat, ṣé ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀?”

Ọlámijù fa àwòrán tí wọ́n yà lójú ọ̀nà náà jáde. Ọmọ náà dojú bolẹ̀, orí rẹ̀ kọ sí apá odò. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, eruku ọ̀gbẹlẹ̀ bò ó, ó gbẹ táútáú. Ẹrẹ̀ kò sí lára rẹ̀, ìdí aṣọ rẹ̀ kò tutù. Sájẹ́ǹtì náà wo àwòrán, ó wo ìgò, ó tún wo àwòrán.

“Kò tíì dé odò rárá,” ló wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

“Kò tíì dé odò, ìgò rẹ̀ sì ti kún. Láti ilé ló ti gbé omi yẹn. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ènìyàn fi ń gbé omi kíkún kúrò nílé ní ọ̀sán gangan, tí ara rẹ̀ kò sì yá.”

Nígbà tí wọ́n dé Àpòmù, wọn kò yà sílé Sàlámọ̀tù. Tẹ́ǹtì wà níwájú ibẹ̀, wọ́n ń to àga, torí ọjọ́ náà ni fìdáù ọjọ́ kẹjọ Qaosarat. Ilé kejì sí i ni wọ́n wọ̀, ilé Alhaja Humairah, tí kò pẹ́ tó ti Úmúrà dé. Alhaja gbé dàbínù síwájú wọn kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. Edith yọ ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà láti inú ọ̀rá, ó gbé e sókè.

“Ẹ mọ ìgò yìí?”

“Ṣebí ìgò tèmi nìyẹn! Òun ni mo fi bu omi Zamzam wá láti Mẹ́kà. Kò sílé Mùsùlùmí ládùúgbò yìí tí n kò ti pín in dé. Èyí tó ṣófo ni Qaosarat wá bẹ̀ mí fún. Ó ní Tíṣà Boaz tó ń kọ́ wọn ní kẹ́místírì nílé ẹ̀kọ́ girama níjọ́sí ní ìgò tí ìdérí rẹ̀ bá le ló dára fún iṣẹ́ àwọn. Mo fún un ní mẹ́fà.”

“Mẹ́fà? Ó dá yín lójú?”

“Ọwọ́ ara mi ni mo fi kà á fún un.”

Edith gbé ìgò náà sílẹ̀. “Alhaja, lọ́jọ́ tó kú, Ṣàmsúdéènì fún un ní mínírà. A rò pé ó mu níbẹ̀.”

“Qaosarat? Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn?” Alhaja mi orí títí gèlè rẹ̀ fi tú. “Kò lè mu ún. Ọmọ náà ń gbààwẹ̀. Èyí tó jẹ nínú Ramadan ló ń san. Àwa méjèèjì la jọ ń san án bọ̀ kí n tó rìnrìn àjò.”

“Kí ló wá dé tí kò sọ fún ọkùnrin náà pé òun ń gbààwẹ̀? Kí ló gba mínírà sí?”

“Ha, Màdáámù. Ẹ̀yin náà kì í ṣe obìnrin ni? Ọmọge á dúró níwájú ọkùnrin, á ní ààwẹ̀ lòun ń san, kí ọkùnrin wá máa ṣírò ohun tó jẹ́ kó jẹ ẹ́? Á gbà á, á dúpẹ́, bó bá dé iwájú á dà á nù.”

Bẹ́ẹ̀ ni mínírà ṣe dànù dé ìdajì. Edith jókòó síbẹ̀, dàbínù kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jẹ. Bí ọmọ náà bá ń gbààwẹ̀, nǹkan kan kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Sààrì ló jẹ kẹ́yìn. Inú ilé ìyá rẹ̀ ló ti jẹ ẹ́.

Láti ilé kejì, ohùn àwọn obìnrin tó ń gúnyán fún àwọn Alfa ń wọlé. Ohùn Sàlámọ̀tù wà láàárín wọn, ó ń sọ fún wọn ibi tí iyọ̀ wà. Ó ṣe Edith bíi kó máa lọ sílé, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọdún púpọ̀ ló ti fi ń wá òdodo kiri, kò sì tíì rí ìgbà kan tí òdodo mú òkú padà wá fún ẹnikẹ́ni.

“A ń lọ sọ́dọ̀ tíṣà yẹn,” ló wí fún Ọlámijù.

Boaz wà nínú kíláàsì tí àwọn ọmọ ti kúrò, ó ń nu bọ́ọ̀dù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé dọ́sítà sílẹ̀.

“Mo ti ń retí yín,” ló wí.

“Tí ẹ bá ti ń retí wa, ẹ bá kúkú wá bá wa. Àgọ́ wa kò jìnnà. Kí lẹ fún ọmọ yẹn?”

Ọkùnrin náà kò jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú. “Iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ní kó bu omi odò sí ìgò mẹ́fà, kó gbé e sínú yìnyín lójú ẹsẹ̀, kí ohun tó wà nínú omi má bàa yí padà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn kò rí iná lo ní Àpòmù láti ìgbà yìí wá. Níbo ni yóò ti rí yìnyín? Ó bi àwọn olùkọ́ rẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó dá a lóhùn ní bí kò bá sí yìnyín, kó kán oògùn kan sí i, kó lọ béèrè rẹ̀ ní lábù tó bá wà nítòsí. Lábù tó wà nítòsí nìyí.” Ó nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́.

“Ẹ fún un.”

“Mo fún un. Ọmọ tó ní làákàyè ni, Màdáámù. Mo kọ́ ọ láti JSS 1. Bó bá ń sọ̀rọ̀ òkun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí òkun rí yóò máa ṣe yín bíi pé ẹ ò tíì rí i. Mo kìlọ̀ fún un. Mo ní kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kó lẹ bébà mọ́ ìgò, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kàn án.”

Edith wo ara ìgò. Bébà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ pupa wà lára rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni.

“Bí ènìyàn bá mu ún, ṣé lójú ẹsẹ̀ ni?”

“Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá ti pò mọ́ omi tó pọ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ọ, inú á máa rú u, ọkàn á máa já. Á dà bí ẹni tí ààwẹ̀ ń mú. Nígbà tó bá máa ṣubú, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́.”

“Ọ̀nà odò yẹn, ṣé ó já síbí?”

“Ọ̀nà àbùjá ni. Òun ló máa ń gbà wá.” Boaz nawọ́ sójú fèrèsé. “Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e bọ̀.”

“Odò wà níwájú rẹ̀. Kí ló dé tí kò dà á síbẹ̀ kí ẹrù lè fúyẹ́ lára rẹ̀?”

“Òun kọ́, Màdáámù. Ó mọ ohun tí yóò ṣe fún ẹja.”

Ìbínú gba Edith lọ́kàn. “Ẹ mọ gbogbo èyí. Ẹ jókòó síbí, ẹ ń nu bọ́ọ̀dù, a ti ènìyàn mọ́lé, wọ́n pa gbogbo ohun tó ní.”

“Mo bí ọmọ mẹ́ta. Ẹ ti mú ẹnìkan. Mo ní bóyá òun náà ló ṣe é lóòótọ́.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Edith kò rọ̀ ọ́ lẹ́kún.

Nínú mọ́tò ló ti ń tò ó pọ̀, ó ń sọ ọ́ fún Ọlámijù tó ń wa mọ́tò. Sàlámọ̀tù kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Kéwú ló mọ̀. Ọmọ to ìgò Zamzam sínú àpótí rẹ̀, ó dé e dáadáa, ó tọ́jú rẹ̀ kúrò níbi oòrùn. Èwo ni yóò jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ìyá? Kò sí Mùsùlùmí tó rí ìgò Zamzam tí yóò bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó jí ní sààrì, ó fẹ́ kí ọmọ òun yege, ó lọ bù ú.

“Inálílláì,” ni Ọlámijù wí, òun tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. “Màdáámù, ṣé dandan ni ká sọ fún un? Ẹ jẹ́ ká tú Ṣàmsúdéènì sílẹ̀, ká ní a ò rí ẹni tó ṣe é.”

Edith ti rò ó. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ló ti ń rò ó, ó sì wù ú ju ohunkóhun lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

“Ìgò mélòó ni Alhaja fún un?”

“Mẹ́fà.”

“Mélòó ló wà nínú báàgì?”

“Mẹ́rin.”

“Ìyá rẹ̀ bu ọ̀kan fún un. Ìkan tó kù dà?”

Ọlámijù tẹ mọ́tò.

Wọ́n bá àwọn Alfa lábẹ́ tẹ́ǹtì. Wọ́n ti parí wáàsí, àdúrà ni wọ́n ń ṣe. Abọ́ funfun kan wà láàárín wọn, omi wà nínú rẹ̀, Alfa àgbà tẹrí ba lórí rẹ̀, ó ń ka Ku’ráànì sí i. Àwọn ọmọdé ti ń tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀pù, nítorí omi àdúrà ni, wọ́n á mu níbẹ̀ bí ó bá parí. Ìgò kékeré kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà. Ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ó ti ṣófo.

Edith gba àárín àwọn ọkùnrin tó jókòó kọjá pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fọwọ́ bo abọ́ náà.

“Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mu ún.”

Ariwo ta. Ẹnìkan ní kí wọ́n mú kèfèrí yìí jáde kúrò nínú àdúrà. Ẹnìkan di apá rẹ̀ mú. Alfa àgbà náà nìkan ni kò pariwo. Ó wo ojú Edith, ó wo ìgò, ó fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

“Ẹnikẹ́ni ti tọ́ ọ wò?” ni Edith bi í.

“Kò tíì sí.”

“Ẹ fún Sájẹ́ǹtì mi. Ẹ má dà á sílẹ̀.”

Sàlámọ̀tù ti jáde láti ìdí odó. Ó nuwọ́ sí ara aṣọ rẹ̀. “Màdáámù Ìnsípẹ́kítọ̀, kí ló ṣẹlẹ̀? Omi Zamzam ni o. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀.”

“Ìyá Qaosarat, ẹ jẹ́ ká wọlé.”

Yàrá náà kéré. Àpótí ọmọ náà ṣì wà lábẹ́ fèrèsé, àwòrán ẹja ńlá kan tó gé láti inú kàlẹ́ńdà wà lára ògiri. Edith ti ilẹ̀kùn. Ó sọ fún un jẹ́jẹ́ pé omi tó wà nínú ìgò náà kì í ṣe Zamzam, pé omi odò tí wọ́n po oògùn mọ́ fún ẹ̀kọ́ ni. Ó ní Ṣàmsúdéènì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ní ìgò ló jọra wọn, kò sẹ́ni tó pa ọmọ náà, àṣìṣe ni. Ó sọ ọ̀rọ̀ “àṣìṣe” yẹn títí ó fi di ohun tí kò nítumọ̀ mọ́ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Sàlámọ̀tù jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“Mo rí bébà lára rẹ̀. Mo rò pé orúkọ ẹni tí wọ́n bù ú fún ni wọ́n kọ síbẹ̀.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀. “Iná kò sí. Mo bù ú sínú kọ́ọ̀pù rẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo ṣe bísímílà sí i.”

“Ìyá...”

“Ṣé ó mọ̀?”

Edith ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè púpọ̀, kò múra sílẹ̀ fún èyí. “Kò mọ̀,” ló wí. “Ó rò pé ààwẹ̀ ló ń mú òun. Kò mọ nǹkan kan, Ìyá.” Ṣùgbọ́n ó rántí ọmọ tó ń wá mọ́tò, tó ń gbé ìgò kúrò nílé; nínú gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, kò tíì parọ́ tó dán tó bẹ́ẹ̀ rí.

Sàlámọ̀tù mi orí.

“Ó mọ̀,” ló wí. “Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí, mo wà níbi tí mo ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tó ṣí àpótí. Ó jáde wá bá mi, ó ní, ‘Ìyá, omi wo lẹ bù fún mi ní sààrì?’ Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Zamzam rẹ tí o kó pamọ́ fún mi ni, mo ti rí i. Ó ní ìkan tó kù ńkọ́? Mo parọ́ fún un, mo ní mo ti fi wọ́n ẹnu ọ̀nà, torí mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n bá máa wẹ òkú mi. Ó wá ní, ‘Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà mu níbẹ̀?’ Mo ní rárá, ìwọ nìkan ni mo bù fún, ìwọ lo ní ìdánwò.”

Lóde, ẹnìkan ń bi Alfa pé ṣé kí àwọn máa gbé oúnjẹ jáde.

“Ó ní Alhamdulillah. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó dúpẹ́ títí. Ó ní òun fẹ́ dé Ìkirè, kí n má dúró de òun. Mo rò pé omi ló ń dúpẹ́ fún.”